Ìdérí Wúrà Tí Vendel Ṣe

Nílùú Mosonmagyaróvár, lẹ́bàá ẹnubodè Austria, níbi tí ilé ìtọ́jú eyín ti pọ̀ ju ilé búrẹ́dì lọ, Etelka ló ń ya àwòrán egungun ẹnu níbi iṣẹ́ Dókítà Lóránt. Òun ló ń gbé àgbọ̀n àwọn ará Austria tó ń sọdá wá tọ́jú eyín lé orí ẹ̀rọ, tí á ní kí wọ́n má mira, kí wọ́n má gbé itọ́ mì, tí á wá sá sẹ́yìn gíláàsì nítorí ìtànṣán ẹ̀rọ náà. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀, Vendel, ti kú, ẹ̀yìn gíláàsì yẹn nìkan ló ti ń rí èèyàn. Bó bá délé, á tan rédíò. Kì í ṣe nítorí ìròyìn, ó kàn fẹ́ kí ohùn ọkùnrin wà nínú ilé ni.

Nígbà tí eyín ìsàlẹ̀ rẹ̀ méjì jábọ́, tó di pé ó ń rẹ búrẹ́dì sínú ọbẹ̀, Lóránt ní òun á gbin eyín tuntun sínú egungun rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ló máa darí dírìlì, àwòrán ló sì máa darí kọ̀ǹpútà. Etelka bá wọnú ẹ̀rọ tirẹ̀, nọ́ọ̀sì Csilla sì bọ́ sẹ́yìn gíláàsì.

"Àǹtí, ẹ má mira o! Ẹ má gbé itọ́ mì!" Csilla bú sẹ́rìn-ín. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ọjọ́ tí màá pàṣẹ fún yín."

Àwòrán jáde, ó ti bàjẹ́. Láti ara ìdérí wúrà tó wà lórí eyín ẹ̀gbẹ́ àlàfo náà, ìlà funfun tàn káàkiri, ó bo egungun, ó bo iṣan.

"Wúrà yìí ni," ni Lóránt wí. "Mi ò rí iṣan ètè yín rárá. Bí dírìlì bá kàn án pẹ́nrẹ́n, ètè yín á kú, tíì á máa dà sílẹ̀ lẹ́nu yín, ẹ ò sì ní mọ̀. A ní láti yọ ìdérí wúrà yìí, Àǹtí Etelka. Màá fi tánganran rọ́pò ẹ̀."

"Ṣé ẹ ò lè fojú díwọ̀n ẹ̀ ni?"

"Ẹ̀yin lẹ ń bi mí bẹ́ẹ̀? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí bàbá ará Vienna yẹn tún padà wá torí pé ó sín nígbà tẹ́ ẹ ń ya àwòrán ẹ̀?"

Vendel ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìdérí náà lọ́dún tí wọ́n fẹ́ra wọn, nítorí iṣẹ́ eyín ṣíṣe ló ń ṣe. Ó ní ti òrùka, gbogbo ayé ló ń rí i. Èyí, òun nìkan ló máa rí i nígbà tí Etelka bá rẹ́rìn-ín sí òun. Ní báyìí, kó tó sùn, á fi ahọ́n kàn án, bí ẹni ń kí ọkọ rẹ̀ pé ó dàárọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ kọ́kọ́ lọ dá sùn lórí bẹ́ẹ̀dì ẹlẹ́ni méjì ná.

"Ẹ yọ ọ́," ni Etelka wí níkẹyìn.

Lóránt fà á, kò mì. Ó tún fà á, òógùn bò ó. "Irú simẹ́ntì wo ni bàbá tó ṣe é lò ná?"

Etelka fọwọ́ dá a dúró kó lè sọ̀rọ̀. "Alágídí ni. Ẹ ò rí i, kò fẹ́ lọ." Ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín náà fi di ẹkún, Csilla sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Wọ́n ní láti gé ìdérí náà sí méjì kó tó kúrò.

Wọ́n ya àwòrán kejì.

"Ẹ wá wò ó!" Lóránt ń pariwo bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. "Iṣan náà rèé! Ibi tí mo fẹ́ lu gan-an ló gbà kọjá!"

Etelka wọ awò ojú rẹ̀, ó tẹ̀ síwájú. Láti ọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ yìí, kò tíì rí àwòrán tó péye tó báyìí. Egungun hàn kedere, iṣan rí tín-ín-rín bí òwú. Ó wá ibi tí ìlà funfun wọ̀nyẹn wà tẹ́lẹ̀, ó wá a títí.

"Ó mọ́ tónítóní, àbí?" ni Lóránt bi í.

"Ó mọ́," ni Etelka dáhùn. "Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀ mọ́."