Ìyàwó Wa, Kí Lo Sè?

"Ìyàwó wa, kí lo sè?" Bí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tó ń ṣiṣẹ́ ní Freeport, èbúté ọkọ̀ ojú omi, ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ wọn nìyẹn. Tí mo bá dáhùn pé ewé ẹ̀gẹ́ ni, wọ́n á ní, "O ti sọ àbúrò mi dewúrẹ́!"

Ní alẹ́ ọjọ́ kan ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọn kò délé láti ibi iṣẹ́. Àtẹ̀jíṣẹ́ ló dé láti orí fóònù wọn: "Mo nírètí pé ara yín le. Ìrìn àjò mi ń lọ déédéé."

Ara ọkọ mi balẹ̀. Èmi kọ̀wé padà pé ewé ẹ̀gẹ́ ni mo sè.

Èsì dé kíá: "Ewé ẹ̀gẹ́ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ èròjà aṣaralóore."

Mo sọ fún ọkọ mi pé, "Bàbá Ṣadé, ẹ̀rọ ló bá ẹnìkan kọ èyí. Ta ló mú fóònù wọn?"

A pe nọ́ńbà wọn. Ẹnìkan gbé e, ó ń mí, kò fọhùn. Lẹ́yìn náà ni àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé: "Ẹ má ṣe dààmú rárá. Mo wà ní àlàáfíà."