Ilà Mẹ́ta, Ọ̀tún àti Òsì

Irun márùn-ún péré ni ó kù lẹ́nu búrọ́ọ̀ṣì tí Mikail Àkíbù fi ń kun ojú ọmọ ogun òjé. Abẹ ni ó fi gé ìyókù dànù, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń fá orí ọmọ tuntun. Ogún ọdún ni ọkùnrin yìí fi kọ lẹ́tà gàgàrà sí ara ọkọ̀ akẹ́rù àti iwájú ṣọ́ọ̀bù ní Bẹ̀yẹ́rùnkà, kí ẹ̀rọ tí ń tẹ bánà tó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ni ó wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tí ó ń di èémí mú kí ó tó fi ọ̀dà kan ẹyinjú ẹni tí kò ga ju oríkèé ìka kan lọ. Inú rẹ̀ sì ń dùn ju ti ìgbà tí ó ń kọ lẹ́tà lọ.

Pátákó kan ni ó fà á wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Alàgbà Oyèdélé, olùkọ́ èdè Yorùbá tí ó ti fẹ̀yìn tì, ní kí ó bá òun kun pátákó ńlá kan bí ilẹ̀ eléwéko. Nígbà tí Mikail gbé e dé ilé wọn ní Ọ̀rányàn, ó bá àwọn àgbàlagbà mẹ́rin tí wọ́n yí tábìlì ká, tí wọ́n ń ti àwọn ọmọ ogun òjé síwá sẹ́yìn, tí wọ́n sì ń ju dáìsì bí ẹni ń ta lúdò. Ogun àwọn òyìnbó ni, ti nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn, nígbà tí ọ̀kọ̀ gígùn àti ìbọn ṣì ń du ipò mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Mikail ní òun kò ní í pẹ́. Orí ìdúró ni ìrun Alásárì bá a.

Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń wá àyè nídìí tábìlì yẹn. Àmọ́ ẹgbẹ́ náà ní òfin kan: ẹni tí kò bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kun ọmọ ogun rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìtàn ti wí, kò gbọdọ̀ darí ẹnì kankan. Nígbà tí ó yá, Oyèdélé kó ogójì ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ ilẹ̀ Jámánì lé e lọ́wọ́. Bí wọ́n bá yege lójú ẹgbẹ́ ní ọjọ́ Sátidé, Mikail yóò darí wọn ní ọjọ́ náà gan-an.

Ó lẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mọ́ ìdérí ìgò mínírà kí ó lè rí wọn dì mú. Ó fi ọ̀dà dúdú ra gbogbo wọn, lẹ́yìn náà ni ó wá ń kó àwọ̀ lé e. Ẹsẹ̀ kan pupa, èkejì bí ìyeyè. Fìlà gbàràgàdà tí ìyẹ́ yọ lórí rẹ̀. Ká ní irú àwọn wọ̀nyí gba Ọjà'ba kọjá, àwọn ọmọdé ì bá tẹ̀ lé wọn dé Màpó.

Ní Ọjọ́bọ̀ ni àtẹ̀jíṣẹ́ Oyèdélé wọlé sórí fóònù rẹ̀: “Fi ila meta si won, otun ati osi. Mase fo enikankan.”

Mikail kà á létí ìyàwó rẹ̀, Àtọ́kẹ́, tí ó ń ránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. “Kí lo rò pé Tíṣà ń wí?”

Àtọ́kẹ́ kò gbé ojú sókè. “Bàbá Bushrah, èwo ló ṣòro níbẹ̀? Mẹ́ta ọ̀tún, mẹ́ta òsì. Àbàjà nìyẹn, bíi ti bàbá mi.”

“Òyìnbó mà ni wọ́n.”

“Ṣé òyìnbó ò nílé baba ni? Àgbàlagbà tó ń kun bèbí ò yẹ kó tún máa bá olùkọ́ jiyàn.”

Ó kọ ilà fún wọn. Ogójì ojú, òjìlérúgba ilà, tí kò sí ọ̀kan tí ó wọ́. Nígbà tí ó kọ ti ẹni ìkẹyìn tán, ó dìde, ó jó díẹ̀, ó tún jókòó kí Àtọ́kẹ́ má baà rí i.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, ó tò wọ́n sínú kéréètì ẹyin méjì, ó fi aṣọ bò wọ́n, ó sì gba Ọjà'ba lọ sí Ọ̀rányàn. Àwọn èèyàn ń yà fún un nítorí wọ́n rò pé ẹyin ni. Kò bá wọn jiyàn.

Olúbùnmi, obìnrin òṣìṣẹ́ ìjọba ní Agodi, ni yóò kó ogun tì í lọ́jọ́ náà. Ó ti jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun tirẹ̀. Oyèdélé gbé dígí tí ń sọ ohun kékeré di ńlá sójú, ó sì gbé ọmọ ogun àkọ́kọ́.

“Ẹsẹ̀ yìí dára. Ìyẹ́ yìí dára gan-an.” Lẹ́yìn náà ni ó sún dígí mọ́ ojú ọmọ ogun náà. “Mikail.”

“Sà.”

“Ta ló kọ ilà fún àwọn ará Jámánì?”

Olúbùnmi gba dígí náà lọ́wọ́ rẹ̀. “Àbàjà ni lóòótọ́. Ẹ wo ẹni tó gbé àsíá yìí, ó jọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Yemetu. Àmọ́ ìtàn wo ló wí bẹ́ẹ̀? Òfin lòfin.”

Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ni láti tún ogójì ojú kùn, òní sì ni ogun. Mikail yọ fóònù rẹ̀ jáde. “Tíṣà, ẹ̀yin lẹ ní kí n fi ilà mẹ́ta sí wọn.”

“Ìlà ni mo wí. Ìlà lápá ẹ̀wù. Wọ́n máa ń fi ọ̀bẹ la apá ẹ̀wù wọn kí aṣọ inú lè yọjú. Ìlà, kì í ṣe ilà.”

“Kò sí àmì lórí ẹ̀, Sà. Ká ní ilá ni mo kà á sí, ọbẹ̀ ni ǹ bá gbé wá.”

Olúbùnmi rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé dígí sílẹ̀. “Tíṣà, ẹ rántí kíláàsì yín? Mo kọ ọ́ pé mo gbé ọkọ́ lọ sóko, n ò fi àmì sí i. Ẹ ní ọkọ ta ni mo gbé. Ẹ gba máàkì mẹ́wàá lọ́wọ́ mi.”

Oyèdélé gba fóònù náà, ó tún ohun tí ó kọ kà. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni ó fi kọ́ ọmọ ìlú Ìbàdàn pé ọ̀rọ̀ tí kò ní àmì ohùn kò tíì di ọ̀rọ̀. Ó gbìyànjú láti wúkọ́. Ikọ́ náà kò wá.

“Ẹni tó kọ ọ́ ló jẹ̀bi,” ó wí níkẹyìn, “kì í ṣe ẹni tó kà á. Olúbùnmi, ṣé o fara mọ́ ọn?”

“Mo fara mọ́ ọn, Sà. Ó kéré tán, a ó mọ tẹni lọ́tọ̀. Ní ogun tó kọjá, ẹ kó méje nínú àwọn ọmọ ogun mi, ẹ ní tiyín ni.”

Oyèdélé fa àga kan jáde fún Mikail. Ó jókòó, ó tún dìde. Àga kò gba irú ayọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó to ogójì ọkùnrin alábàjà sí òsì tábìlì, ó ti ọ̀kọ̀ wọn síwájú, ó sì gbọn dáìsì nínú ọwọ́ rẹ̀ títí Oyèdélé fi ní kí ó jù ú, pé kì í ṣe àdúrà. Nígbà tí dáìsì dúró, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ni ó wo iwájú, ó sì rí i pé ẹni tí ó ju òun lọ lọ́jọ́ orí ni òun ń bá jà.

“Ẹ má bínú, Mà,” ó wí, ó tẹrí ba díẹ̀. “Mẹ́sàn-án ti kú nínú yín.”