Ọkọ̀ Òfuurufú Tó Gba Kánò Kọjá

Òórùn bẹntiróò ní Altona láàárọ̀ yìí rán mi létí ọ̀sán kan nígbà èwe mi ní Marzahn, ní Jámánì níbí.

Bàbá àgbà wá kí wa láti Nàìjíríà. Nínú lífíìtì, aládùúgbò wa, bàbá Jámánì kan tó ní ọwọ́ kan ṣoṣo, ń wò wọ́n tìfuratìfura, ó sì bi mí ní ìbéèrè kan nípa wọn. Mo yíjú sí Bàbá àgbà, mo túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá.

"Bàbá, wọ́n ní kí lẹ ṣe nígbà ogun àgbáyé kejì?"

"Mo rọ epo sí ọkọ̀ òfuurufú táwọn Gẹ̀ẹ́sì ń gbé gba Kánò lọ jagun ní Íjíbítì."

Mo túmọ̀ ìdáhùn Bàbá àgbà fún un. Ojú ọkùnrin náà yí padà.

Ó pẹ́ kí n tó gbọ́ pé Íjíbítì ni bọ́ǹbù Gẹ̀ẹ́sì ti gé ọwọ́ rẹ̀.

Nígbà tí lífíìtì dúró, ọkùnrin náà di ilẹ̀kùn mú ká lè kọ́kọ́ jáde. Bàbá àgbà fà mí mọ́ra.

"Sọ fún un kó máa lọ níwájú. Mi ò ní kẹ̀yìn sí i."