Oorun Ọ̀sán ní Àtẹ́líyé Kafayatou

Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí ẹ̀gbọ́n mi Kafayatou jẹ́, ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn. Kafayatou lè gbàgbé ìkòkò lórí iná. Ó lè gbàgbé bàtà ẹsẹ̀ kan sílé ẹni tó lọ kí. Ó ti gbàgbé orúkọ ọkọ mi rí, lójú ọkọ mi, lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ wa. Ṣùgbọ́n ohun tí Ìyá Rachidou ṣe fún un, kò gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo fún ọdún mẹ́rìnlá. Èmi Djamila, àbúrò rẹ̀, mi ò gbàgbé náà, mi ò sì ní purọ́ fún yín pé a ti dárí jì í.

Láti kékeré ni ọkàn Kafayatou kì í gbé ojú kan. Bí wọ́n bá rán an ní iyọ̀, ata ni yóò mú dé, ìdajì ọ̀sán á sì ti lọ. Ní ilé ìwé, tíṣà á máa sọ Faransé lọ níwájú, alángbá tó wà lójú fèrèsé ni òun ń wò. Wọ́n nà án títí, kò gbọ́. Nígbà tó di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, bàbá wa ní kó lọ kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, ó sì mú un lọ sọ́dọ̀ Ìyá Rachidou, aránṣọ tí gbogbo ìlú wa Àjàṣẹ́ mọ̀.

Obìnrin náà mọ iṣẹ́, mi ò ní fi iyẹn dù ú. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ le, ẹnu rẹ̀ tún le ju ọwọ́ lọ. Ohun kan tó gbà gbọ́ ni pé oorun ló ń ba ọmọ iṣẹ́ jẹ́. Aago mẹ́rin ìdájí ni àwọn ọmọ tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ti gbọ́dọ̀ wà nídìí máṣínì, wọn kì í sì í kúrò níbẹ̀ kí aago mọ́kànlá alẹ́ tó lù. Ẹni tó bá tòògbé lọ́sàn-án, ata ni yóò fi kàn án ní ìpéǹpéjú. Kafayatou rí ata yẹn ju gbogbo àwọn yòókù lọ. Yóò bẹ̀rẹ̀ apá aṣọ kan, yóò jù ú sílẹ̀, yóò gbé ọrùn aṣọ mìíràn, nígbà tó bá sì padà sídìí ti àkọ́kọ́, apá òsì ni yóò rán mọ́ ọ̀tún. Ìyá Rachidou á so apá tó bàjẹ́ náà mọ́ ọn lọ́rùn, á ní kó lọ ra òwú wá lọ́jà bẹ́ẹ̀, kí gbogbo ayé lè rí i.

Lọ́dọ̀ wa níbí, ọmọ iṣẹ́ kì í déédéé kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá. Àfi kí ọ̀gá tú u sílẹ̀ ní gbangba, lójú ẹbí, lójú àwọn ọ̀gá yòókù. Líbérásíọ̀n la ń pè é. Ọmọ á kúnlẹ̀ lórí ẹní, ọ̀gá á da àtíkè sí i lọ́rùn, á gbé ìwé ẹ̀rí àti àlùmọ́gàjí lé e lọ́wọ́. Ẹni tí wọn ò bá ṣe eléyìí fún, kò sẹ́ni tó máa gbé aṣọ fún un rán. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, Ìyá Rachidou ránṣẹ́ sí ẹbí ọmọ mẹ́rin pé kí wọ́n máa múra. Ti Kafayatou ni ìkẹrin. Màmá wa se ìkòkò ìrẹsì mẹ́ta. A pe gbogbo ará ilé, títí kan àwọn tí a ò bá sọ̀rọ̀.

Mo jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá, iwájú gan-an ni mo jókòó sí. Ìyá Rachidou da àtíkè sọ́rùn ẹni kìíní, ó da sọ́rùn ẹnì kejì, ó da sọ́rùn ẹnì kẹta. Nígbà tó kan ẹ̀gbọ́n mi, ó dúró, ó kọjú sí àwọn ènìyàn.

Ó ní, "Eléyìí, ọpọlọ rẹ̀ ń jò bí ajere. Mo rò ó títí di àárọ̀ yìí. Bí mo bá tú u sílẹ̀, orúkọ mi ló máa bà jẹ́. Ẹ máa mú un lọ sílé."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Mo rántí eyín wọn. Màmá wa kò bá ẹnikẹ́ni jà, ó gbé ìkòkò rẹ̀ padà sílé, ìrẹsì yẹn la jẹ fún ọjọ́ mẹ́ta títí ó fi kan. Lójú ọ̀nà ni Kafayatou ti dì mí lọ́wọ́ mú, tó ní, "Djamila, màá san án fún un." Mo ní, "Àmín."

Bàbá wa mú un lọ sí Akpro-Missérété, lọ́dọ̀ aránṣọ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Sikirou, tó ń rán aṣọ oko àti aṣọ ọjà fún àwọn àgbẹ̀. Sikirou ò kàwé, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ríran. Kò tíì lo ọ̀sẹ̀ kan pẹ̀lú Kafayatou tó fi kó gbogbo aṣọ kúrò níwájú rẹ̀, tó fi ẹyọ kan sílẹ̀. "Parí eléyìí kí o tó rí òmíràn." Bó bá ti rán ojú kan tán, Sikirou á ní kó dìde, kó lọ pọnmi, kó padà wá jókòó. Lọ́sàn-án, bí oòrùn bá ti le, gbogbo wọn á sùn díẹ̀ lábẹ́ igi, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe lábúlé. Ọdún kan àbọ̀ péré, Sikirou tú u sílẹ̀. Kafayatou wá ṣí àtẹ́líyé ìránṣọ tirẹ̀ ní Houinmè, àdúgbò kan ní Àjàṣẹ́, àwọn tó sì rẹ́rìn-ín lọ́jọ́sí ń gbé aṣọ wá fún un.

Èmi ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kékeré kan, mo máa ń ran àwọn nọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, dókítà obìnrin kan tó mọ̀ nípa ọpọlọ wá bá àwọn òbí sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ìbéèrè pọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Bàbá kan ní ọmọ òun máa ń kàwé mọ́jú, bó bá dé ibi ìdánwò, gbogbo rẹ̀ á fò lọ, ṣé ayé kọ́? Dókítà ní ayé kọ́, àìsùn ni. Ó ní ìgbà tí a bá sùn ni ọpọlọ ń to ohun tí a kọ́ lọ́sàn-án sí àyè rẹ̀, ẹni tó bá gba oorun lọ́wọ́ ọmọ ń gba ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá kan bèèrè bóyá tẹlifóònù ló ń gbé ọkàn ọmọ òun kiri. Dókítà ní ó lè dá kún un, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kan wà tí a bí bẹ́ẹ̀, tí ọkàn wọn kì í lè dúró sójú kan bí wọ́n tilẹ̀ fẹ́. Ó ní kì í ṣe agídí, kì í ṣe ẹ̀mí àìrí, ó máa ń rìn nínú ẹbí, ti ọmọbìnrin sì máa ń pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó fura, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn a kàn máa dákẹ́, ọkàn wọn á ti lọ. Ó ní iṣẹ́ kékeré-kékeré, ìsinmi láàárín rẹ̀ àti oorun tó tó máa ń ràn wọ́n lọ́wọ́, àwọn míì sì nílò oògùn. Ó wá kìlọ̀ pé gbogbo ẹni tó bá ń gbàgbé kọ́ ló ní i, dókítà ló gbọ́dọ̀ yẹ ènìyàn wò.

Mo mú Kafayatou lọ bá a. Dókítà bi í léèrè ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó pe èmi náà kí n wá sọ bó ṣe rí ní kékeré. Ó wá ní bẹ́ẹ̀ ni, ohun tó ń ṣe é nìyẹn, ó sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé fún wa. Mo rò pé inú ẹ̀gbọ́n mi máa dùn. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń fọwọ́ pa ìpéǹpéjú rẹ̀.

Ó ní, "Djamila, torí nǹkan tó lórúkọ ni wọ́n ṣe fi ata sí mi lójú." Láti ọjọ́ yẹn ni ìbínú rẹ̀ ti di ọ̀tun.

Ọlọ́run ò sì jẹ́ kó pẹ́. Lẹ́yìn àwẹ̀ ọdún tó kọjá, Ìyá Rachidou fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sí Houinmè, ó mú àbíkẹ́yìn rẹ̀ Mariatou lọ́wọ́, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Kafayatou ti pọn ọmọ yìí rí, nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ọmọ náà ti fi ilé ìwé sílẹ̀. Ọ̀gá aránṣọ méjì ti lé e. Ìyá tó bí i gan-an ti kọ́ ọ títí, kò yé e. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Ìyá Rachidou ní, "Kafayatou, ọmọ mi, wọ́n ní o máa ń ní sùúrù fún irú ọmọ báyìí. Bá mi gbà á."

Kafayatou ní, "Ẹ káàbọ̀, Ìyá. Ẹ fi sílẹ̀."

Mo rò pé yóò fi ojú ọmọ náà rí màbo. Mo tilẹ̀ ń retí rẹ̀, kí n sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n Kafayatou kọ́ ọ dáadáa. Ó ní kó máa sùn nílé òun, kó máa wọlé sùn láago mẹ́sàn-án, kó má jí títí ilẹ̀ á fi mọ́ kedere. Aṣọ kan ṣoṣo ló ń gbé síwájú rẹ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó ní kó sùn díẹ̀ lórí ẹní lẹ́yìn máṣínì. Ó sọ fún un pé, "Orí rẹ ò bàjẹ́. Bí tèmi ṣe rí ni tìẹ rí, Tántí rẹ Djamila á mú ọ lọ rí dókítà." Láàárín oṣù mẹ́ta, ọmọ náà rán ọrùn aṣọ kan tí mo wò títí, mi ò rí àléébù kankan lára rẹ̀. Ó fi han gbogbo ẹni tó wọlé lọ́jọ́ náà.

Àmọ́ àwọn kan lọ sọ fún ìyá rẹ̀ pé oorun ni ọmọ rẹ̀ ń sùn lọ́jọ́ gbogbo ní àtẹ́líyé Kafayatou. Ó já wọlé láago méjì ààbọ̀, mo wà níbẹ̀, a ò tíì mú ọmọ náà lọ rí dókítà. Ó bá ọmọ rẹ̀ lórí ẹní, ó fà á dìde lápá.

Ó ń pariwo pé, "Mo mọ̀! Ẹ̀san lo ń gbà lára ọmọ mi! O fẹ́ kó ya ọ̀lẹ, kó má mọ nǹkan kan!"

Mariatou ní, "Màmá, Tántí ní oorun ló ń jẹ́ kí—" Ìyá rẹ̀ gbá a lẹ́nu. Ọmọ náà yíjú sí Kafayatou, ó ń dúró kó sọ̀rọ̀.

Gbólóhùn kan péré ni. Ṣe ni ìbá ní, "Ìyá, ẹ jókòó, dókítà kan wà." Èmi náà lè sọ ọ́, aṣọ ilé ìwòsàn wà lọ́rùn mi. Kafayatou ká aṣọ ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dì í, ó gbé e fún ìyá rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó tẹrí ba.

Ó ní, "Ẹ máa mú un lọ sílé, Ìyá."

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó bú sẹ́rìn-ín. "Mi ò nà án. Mi ò bú u. Ìyá rẹ̀ ni mo fi í lé lọ́wọ́." Ó ra ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò fún gbogbo ọmọ iṣẹ́. Èmi náà mu, ó sì dùn lọ́fun mi. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, mo máa ń gba iwájú ilé Ìyá Rachidou kọjá, mo máa ń bi àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ léèrè, kí n lè ròyìn. Mo ròyìn pé aago mẹ́rin ìdájí ni wọ́n ń jí ọmọ náà. Mo ròyìn pé ojú rẹ̀ pọ́n, pé ó ti ba aṣọ ìyàwó kan jẹ́, pé ìyá rẹ̀ sunkún níwájú oníbàárà. Kafayatou á ní kí n tún un sọ. Ẹ̀san dùn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín.

Ó tó oṣù méjì kí Mariatou tó wá, lọ́jọ́ Jímọ̀ kan tí ìyá rẹ̀ lọ kírun. Ó ti rù. Kò jókòó, ó kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà.

Ó ní, "Tántí, ẹ bá mi sọ fún màmá mi. Mo sọ ọ́, wọ́n ní irọ́ ni. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin méjèèjì, wọ́n á gbọ́."

Kafayatou ń fi òwú bọ abẹ́rẹ́. Ó ní, "Ìyá rẹ ò bi mí léèrè."

Ọmọ náà dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀. Kò sunkún, kò gbé ohùn sókè.

Ó ní, "Màmá mi ò mọ̀ ni wọ́n ṣe ń fìyà jẹ mí. Ẹ̀yin mọ̀."

Ó kí wa pé ó dàbọ̀, ó sáré lọ kí ìyá rẹ̀ tó ti mọ́ṣáláṣí dé. Ẹ̀gbọ́n mi fi abẹ́rẹ́ náà sílẹ̀. Ó wò mí, èmi tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ dókítà ṣáájú gbogbo wọn.