Ọ̀sẹ̀ Tí Sàlmànù Kò Dá Lùbàbà Lóhùn

Bí ẹ bá bi àwọn awakọ̀ àtijọ́ ní àdúgbò Zongo ní Parakou nípa Sàlmànù, bí ojú rẹ̀ ṣe ń ríran tó ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ. Ó lé lógún ọdún tó fi wa ọkọ̀ ẹrù láti Parakou lọ sí Malanville lẹ́bàá ààlà Niger, a sì máa dá ọkọ̀ Zàkárí ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ̀ lókèèrè réré, nígbà tí ẹni tó jókòó tì í ò tíì rí ju eruku lọ. Ìta ló kúkú dàgbà sí. Nígbà èwe rẹ̀, pápá ló pọ̀ jù ní Ladjifarani, àdúgbò wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń da ewúrẹ́ látàárọ̀, bí ọ̀kan bá yà sí oko olóko, láti abẹ́ igi ẹmì tí wọ́n jókòó sí ni wọ́n ti ń rí i lókèèrè. Tí ààwẹ̀ bá sì kù sí dẹ̀dẹ̀, gbogbo ọmọ àdúgbò á tú síta láti wá oṣù lójú ọ̀run. Sàlmànù ló sábà máa ń kọ́kọ́ rí i. Títí dòní, bó bá rántí ariwo ọjọ́ wọ̀nyẹn, àárò rẹ̀ a máa sọ ọ́.

Ògiri ti gba pápá báyìí, alùpùpù ò sì jẹ́ kéèyàn rí títì sọdá. Ìyẹn ni Sàlmànù ṣe sé Lùbàbà, ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá, mọ́lé. Tó bá ti iléèwé dé, yàrá ló ń wọ̀. Ìwé nìyẹn, fóònù ìyá rẹ̀ nìyẹn, títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bàbá àgbà wá ń fi ọmọ yangàn kiri pé ọmọ tòun kì í rìn gbéregbère.

Ní ilé wọn, ọmọbìnrin gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ kí àgbà kó tó kọjá. Àfi ọjọ́ Jímọ̀ kan tí Sàlmànù àti ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó níwájú mọ́ṣáláṣí, tí Lùbàbà ń bọ̀ lódìkejì títì, tó kọjú sí wọn tààrà, tó sì bá tirẹ̀ lọ.

Zàkárí rẹ́rìn-ín. "Sàlmànù, ìwé ti gba orí ọmọ rẹ o. Kò mọ̀ wá mọ́."

Ojú ti Sàlmànù gidigidi. Kò na ọmọ, kò bá a wí, ó kàn yàn án lódì ni. Odidi ọ̀sẹ̀ kan, bí Lùbàbà bá kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀, tó kí i lórí àga tó jókòó sí lódìkejì àgbàlá, Sàlmànù kì í dá a lóhùn. Àgbàlagbà yẹn lágídí jù.

Lọ́jọ́ kẹjọ, olùkọ́ ránṣẹ́ pé kí wọ́n mú ọmọ náà lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ojú, torí pé ìwé ẹnìkejì rẹ̀ ló ń wò kọ ohun tó wà lójú pátákó. Sàlmànù fúnra rẹ̀ ló mú un lọ, ó ṣì dijú mọ́rí. Mùfúlíátù, obìnrin oníṣègùn náà, ní kí ọmọ ka lẹ́tà lára ògiri. Èyí tó tóbi jù nìkan ló rí kà. Oníṣègùn ní ojú rẹ̀ ń rí tòsí, kò rí ọ̀ọ́kán.

"Ṣé ó máa ń ṣeré níta, Bàbá?"

Sàlmànù mi orí pé rárá. Mùfúlíátù ní irú wọn ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún. Ó lè tinú ẹbí wá, ṣùgbọ́n ọmọ tó ń tẹjú mọ́ nǹkan nítòsí látàárọ̀ dalẹ́, tí kì í rí ìmọ́lẹ̀ ìta, ewu tirẹ̀ pọ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ. Òun máa fún un ní awò ojú, àmọ́ kí wọ́n jẹ́ kó máa lo bíi wákàtí méjì níta lójúmọ́. Sàlmànù rántí pápá, ó dùn ún wọra. Ìta tó ṣe òun lóore ni òun fi du ọmọ yìí.

Nígbà tí wọ́n jáde, ó bi í pé: "Ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, ṣé o ò rí wa ni?"

"Mi ò rí yín, Bàbá. Ohùn yín ni mo fi ń mọ̀ yín."

"Ìkíni tí o ń kí mi láàárọ̀ ńkọ́?"

"Mo máa ń rí nǹkan funfun lórí àga yín. Nígbà tí mi ò gbọ́ ohùn, mo rò pé jálámíà yín ni wọ́n sá síbẹ̀." Ọmọ náà gbójú sókè wò ó. "Ibo lẹ máa ń lọ láàárọ̀, Bàbá?"

"Mo wà níbẹ̀," ni Sàlmànù wí, ẹkún sì gbọ̀n ọ́n.