Gàrí tí Sìdíkátù Dà sínú Dúrọ́ọ̀mù

Bí o bá gbé oúnjẹ fún Sìdíkátù ní abúlé Lagbé, má retí pé abọ́ rẹ yóò padà wá lófìfo. Ó lè jẹ́ ẹ̀pà ni yóò bù sí i, ó lè jẹ́ ata gbígbẹ tàbí ọsàn méjì péré, ṣùgbọ́n nǹkan yóò wà nínú rẹ̀ dandan. Bí wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wọn ládùúgbò náà nìyẹn, àti ìmàle àti onígbàgbọ́, àmọ́ ti Sìdíkátù ti di àṣejù. Ọdún Iléyá kan wà tó bu ẹran fún Philomène, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ilé àwọn méjèèjì kọjú síra. Philomène kó ẹyin sínú abọ́, ó dá a padà. Sìdíkátù ní ẹyin yẹn ti pọ̀ ju ẹran tí òun bù lọ, ló bá tún da gàrí sí abọ́ náà, ó gbé e padà. Abọ́ kan ṣoṣo yẹn ń lọ, ó ń bọ̀, títí ọkọ Philomène fi tì í sí abẹ́ ibùsùn kí ilé lè sinmi.

Gàrí ni Sìdíkátù ń yan jẹun. Ó ti lé díẹ̀ ní ọgọ́ta ọdún, ọkọ rẹ̀ ti kú, Faridatou ọmọ rẹ̀ sì ti lọ́kọ sí Àjàṣẹ́. Gàrí rẹ̀ funfun, ó kan níwọ̀nba, ó sì gbẹ dáadáa, nítorí kì í kánjú gbé e kúrò lórí iná bí ti àwọn tó ń sáré ọjà. Àwọn tó ń rà á lọ tà ní ọjà Ìgólò mọ̀ ọ́n láàárín ti àwọn ẹlòmíràn.

Ẹgbẹ́ kan wà nílẹ̀ Faransé tí àwọn tó pọ̀ jù nínú wọn ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n máa ń kó aṣọ ọmọdé, bùláńkẹ́ẹ̀tì, awò ojú àti aṣọ ibùsùn ilé ìwòsàn jọ, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí abúlé tí kò rí irú rẹ̀. Victorin, ọmọ Ifangni, ìlú tó sún mọ́ Lagbé, tó ń gbé lọ́hùn-ún, ló ń bá wọn kó o wálé lọ́dọọdún. Lọ́dún àkọ́kọ́, àwọn ọkùnrin ló pín ẹrù náà, ìjà ni wọ́n sì fi parí rẹ̀. Lọ́dún kejì wọ́n gbé e lé Sìdíkátù lọ́wọ́. Ó pín in kárí, bùláńkẹ́ẹ̀tì tó ṣẹ́kù kẹ́yìn, tí etí rẹ̀ ti ya, lòun mú. Láti ìgbà náà, bí ẹrù bá ti dé, òun ni wọ́n ń pè. Iṣẹ́ náà wù ú ju bó ṣe ń sọ ọ́ lẹ́nu lọ. Ó dùn mọ́ ọn kí àwọn èèyàn máa fọkàn tán òun. Ohun kan ṣoṣo ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn: lọ́dọọdún ni àwọn tí kò mọ̀ rí ń fún un ní nǹkan, kò sì rí ọ̀nà tí òun náà yóò fi fún wọn.

Lọ́dún tó kọjá, ẹrù náà kò wá nínú páálí mọ́. Inú dúrọ́ọ̀mù oníke aláwọ̀ búlúù ni wọ́n kó o sí, ńlá ńlá, olómọrí, kí omi òkun má bàa kàn án. Victorin já gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní iwájú ilé Ògúnbọ̀wálé, délégué tó jẹ́ olórí abúlé wọn, ó sì bá ọkọ̀ lọ pín ẹrù ní apá Ṣábẹ̀. Ó ní bí òun bá ń padà sí Kútọnu, òun yóò yà kí wọn. Sìdíkátù pín ẹrù, ẹnikẹ́ni kò jà. Ó wá ku dúrọ́ọ̀mù.

Ẹ̀ẹ̀rùn ti mú nígbà náà, ẹ̀rọ omi tó wà nítòsí sì ti bàjẹ́. Ṣàngóyẹmí, obìnrin aládùúgbò rẹ̀ kan tí àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì kéré, ló kọ́kọ́ wá bá a.

"Ìyá Faridatou, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ọ̀kan nínú àwọn dúrọ́ọ̀mù yẹn. Mi ò ní nǹkan tí mo lè tọ́jú omi sí."

"Kì í ṣe tiwa."

"Ta ló wá ni ín?"

"Àwọn tó fi ẹrù ránṣẹ́ ni. Wọ́n gbé oúnjẹ fún ọ, o jẹ ẹ́ tán, o tún fẹ́ gba abọ́ wọn?"

"Ṣé wọ́n ní kí ẹ dá a padà ni?"

"Ṣé ó dìgbà tí wọ́n bá sọ ọ́?"

Ká sọ tòótọ́, ó yẹ kó pe Victorin lórí fóònù. Kò pè é. Lójú tirẹ̀, ìtìjú ni kéèyàn máa bi alábọ́ bóyá ó fẹ́ abọ́ rẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọ̀nà tó ti ń wá láti ọjọ́ yìí ti là sílẹ̀ níwájú rẹ̀, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dí i. Ó hú ẹ̀gẹ́ tó dára jù nínú oko rẹ̀, ó rin ín, ó fún un, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yan gàrí sínú dúrọ́ọ̀mù àwọn òyìnbó. Philomène bá a jọ̀ ọ́. Àwọn tó kù wò ó, wọ́n mi orí.

Nígbà tí ara wọn kò gbà á mọ́, ọ̀rọ̀ mìíràn bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní Sìdíkátù fẹ́ kó dúrọ́ọ̀mù lọ tà fún àwọn tó ń ta epo mọ́tò lẹ́bàá ọ̀nà Ìgólò. Wọ́n ní gàrí tó ń dà sí i, kó lè fi bo ojú ni. Ṣàngóyẹmí, tó ń ru omi láti ọ̀nà jíjìn lójoojúmọ́, kò kọ̀ láti tún un sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́. Nígbà tó yá, Ògúnbọ̀wálé pe ìpàdé.

"Bon, Ìyá Faridatou, même èmi gan-an ò mọ ohun tí mo lè sọ fún wọn mọ́," ó wí. "Tí ẹrù ọdún tó ń bọ̀ bá dé, ẹlòmíràn ni yóò pín in."

"Kò burú," Sìdíkátù dáhùn. Ó rọra dìde, ó bọ́ sọ́nà. Ìgbà tó délé ló tó sunkún. Kì í ṣe iṣẹ́ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ló dùn ún tó bẹ́ẹ̀, bí kò ṣe pé àwọn tó mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ tó ti wọ ilé ọkọ lè pè é lólè.

Victorin dé lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Wọ́n ro ẹjọ́ náà fún un, ó bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí ojú Sìdíkátù, ó gbé ẹ̀rín náà mì.

"Màmá, ẹ̀yin lẹ ni dúrọ́ọ̀mù yẹn. Èmi ni mo sọ fún wọn pé kí wọ́n fi dì í, kí ẹ lè rí nǹkan pọnmi sí. Ẹ̀bi mi ni, mi ò sọ fún yín."

Ojú ti Sìdíkátù gan-an. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi yí dúrọ́ọ̀mù kan dé ẹnu ilé Ṣàngóyẹmí. "Mo ṣe àṣìṣe," ó wí. "Má bínú sí mi." Ṣàngóyẹmí gba dúrọ́ọ̀mù, ó yí i wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Wọ́n pín àwọn òfìfo yòókù fún abúlé, méjì tó ti kún fún gàrí nìkan ló kù. Victorin ṣí ọ̀kan, ó họ orí.

"Màmá, àwọn èèyàn yẹn ò mọ gàrí."

"Ṣé èmi náà mọ awò ojú kí wọ́n tó fi ránṣẹ́? Lọ kọ́ wọn."

Ó gbé méjèèjì sínú ọkọ̀, ó hàn gbangba pé ó kàn ń fi tẹ́ ẹ lọ́rùn ni. Láti ọjọ́ náà ni àwọn kan ti ń pe Sìdíkátù ní Ìyá Gàrí Faransé. Ó máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó ń dùn ún.

Lọ́dún yìí, nígbà tí ẹrù ku díẹ̀ kó dé, Victorin fi ohùn ránṣẹ́ sórí Wáàsáàpù délégué, ó ní kó pe abúlé jọ kí wọ́n gbọ́ ọ. Ohùn ìyá àgbàlagbà kan ló kọ́kọ́ jáde, tó ń sọ Faransé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà ni Victorin túmọ̀ rẹ̀.

"Ìyá yìí wà lára àwọn tó ń kó ẹrù yín jọ. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ wọ́n tún máa ń se oúnjẹ fún àwọn tí kò rí jẹ nílùú wọn. Ó ní òun gbé gàrí yẹn sórí tábìlì, òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́. Ọmọ Tógò kan tó ń kàwé níbẹ̀ ló bu omi sí i, ó fi ṣúgà sí i, ó jókòó jẹ ẹ́ tán pátá. Ó ní láti ọjọ́ tí ọmọ náà ti ń wá, ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ yòókù dì í sínú ọ̀rá lọ sílé. Ó ní ẹ kú oore. Ó ní kí n bi yín, tí kò bá ni yín lára, ṣé àwọn lè rí díẹ̀ sí i."

"Àṣé ebi ń pa èèyàn nílẹ̀ Faransé," Philomène wí. Nígbà tí Sìdíkátù ń yan gàrí yẹn, ó rò pé òun kàn ń san oore kí ojú má bàa ti òun ni, kò rò ó rí pé ẹnikẹ́ni ń wá a. Inú rẹ̀ dùn, àánú ọmọ Tógò náà sì ṣe é.

Ṣàngóyẹmí ti dìde lọ. Ìgbà tó padà dé, iwájú ìró rẹ̀ ti tutù, ó sì ń yí dúrọ́ọ̀mù rẹ̀ bọ̀.

"Mo ti da omi rẹ̀ sí ìdí ẹ̀fọ́," ó wí. "Ẹ jẹ́ kó gbẹ ká tó da gàrí sí i."

"Yí i padà sílé," Sìdíkátù dá a lóhùn. "Inú àpò la máa dì í sí. Ẹ̀gẹ́ oko rẹ ni mo fẹ́."

Ògúnbọ̀wálé wúkọ́. Ó ní bí gbogbo ilé bá ń mú gàrí wá, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà tí yóò máa gbà á, tí yóò sì tọ́jú rẹ̀. Àwọn kan bojú wo ilẹ̀.

"Ìyá Faridatou ni kẹ́ ẹ gbé e fún," Ṣàngóyẹmí wí. "Ẹni tó fi omi dù mí nítorí abọ́ tí kì í ṣe tirẹ̀, ṣé yóò wá jí gàrí yín?"