Ọkọ̀ Tí Kò Kúrò Nílẹ̀

Ìró tí mo kọ́kọ́ mọ̀ láyé ni ti àwo tó ń ha tábìlì. Ní Iloilo, ìlú wa létí òkun, bí ẹnìkan bá dìde nídìí oúnjẹ láti rin ìrìn àjò, àwọn tó kù á yí àwo wọn po, kí ó lè gúnlẹ̀ láyọ̀. Àwo Perlita, aládùúgbò wa tí a ń pè ní Nang, ìyẹn ẹ̀gbọ́n, ni mo ń gbọ́ jù, nítorí Rodelio ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun. Láti ìgbà tí ó ti lọ kẹ́yìn, fóònù nìkan ló fi ń dé: òní ó wà ní èbúté kan, ọ̀la ó wà ní òmíràn.

Ìsọ̀ oúnjẹ Perlita la ti ń jẹun ìrọ̀lẹ́ níwájú tẹlifíṣọ̀n. Eré ọkọ̀ òfurufú kan là ń wò, tí ó kó èèyàn lọ sí ìràwọ̀ tó jìnnà débi pé irun wọn á funfun kí wọ́n tó padà. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ náà gbéra, Perlita yí àwo rẹ̀. A rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, gbogbo wa là ń yí i.

Lọ́jọ́ tí eré náà parí, ọ̀gá ọkọ̀ ṣílẹ̀kùn, ó ń retí ayé tuntun. Ilé ìkẹ́rù ló bá, àti àwọn ọkùnrin tó ń mu kọfí. Ọkọ̀ náà kò kúrò nílẹ̀ rí. Wọ́n kàn ń dán àwọn èèyàn inú rẹ̀ wò ni.

Ìsọ̀ dàrú.

"Ó dáa!" Welmar, tó ń wa kẹ̀kẹ́ akérò, lu tábìlì. "Ẹni tó kọ eré yìí gbọ́n bí ìjàpá!"

"Kò níyàá ni!" Lola Sabel, ìyá àgbà àdúgbò, fún un lésì. "Mo gbàdúrà fún ọmọ inú ọkọ̀ yẹn nígbà tí ibà ń ṣe é! Kí wọ́n dá àdúrà mi padà!"

Ìparí náà dùn mọ́ èmi náà nínú, àmọ́ mi ò lè sọ ọ́ lójú Perlita. Òun nìkan ni kò pariwo.

"Àwọn tó ń mu kọfí yẹn mọ̀," ó ní. "Kí ló dé tí ẹnìkan nínú wọn ò kanlẹ̀kùn?"

Bíà ti ń pa Welmar. "Ta ló fẹ́ kanlẹ̀kùn fún ẹni tí kò fẹ́ ṣí i? Ẹ̀yin gan-an, Nang, ọkọ̀ wo ni Rodelio wọ̀ tó kọjá Bacolod?"

Ó fọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹyin ti bọ́. Bacolod kò ju òdìkejì omi lọ. Tẹlifíṣọ̀n ń polówó ọṣẹ. Perlita wo Lola Sabel. Lola Sabel wo ọbẹ̀ rẹ̀. Perlita wò mí, mo wolẹ̀.

"Ta ló wà níbẹ̀?" Perlita béèrè.

"Obìnrin kan," Lola Sabel rọra dáhùn. "Wọ́n ti bímọ. Ọmọ mi, a ò fẹ́ kó o..."

"Gbogbo yín lẹ ń mu kọfí."

Welmar dìde, ó ní òun ń lọ. Ọwọ́ Lola Sabel ṣèèṣì lọ síbi àwo rẹ̀ bó ti mọ́ ọn lára. Perlita di àwo náà mú.

"Ẹ má yí i, Lola. Kò sẹ́ni tó ń rìnrìn àjò níbí."

A túká lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti ojú fèrèsé wa, mo rí i tó pa tẹlifíṣọ̀n, tó kó àwo wa, tó fọ̀ wọ́n, tó nù wọ́n, tó sì tò wọ́n jọ. Lẹ́yìn náà ó jókòó ti ìrẹsì tirẹ̀ tó ti tutù, ó jẹ ẹ́ tán, ó sì fọ àwo náà.